Nọ́ńbà Tí Àpótí Rẹ̀ Kéré Jù

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Òkúdù ọdún 1996, rọ́kẹ́ẹ̀tì Ariane 5 gbéra fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Kourou, ní Guyana ti ilẹ̀ Faransé. Kò tó ìṣẹ́jú kan tó fi fọ́ yángá lójú ọ̀run, tòun ti sátẹ́láìtì mẹ́rin tó gbé dání.

Nọ́ńbà kan ló fà á. Kọ̀ǹpútà fẹ́ sọ nọ́ńbà oníbíìtì 64 di oníbíìtì 16, èyí tí kò lè kọjá 32,767. Nọ́ńbà náà tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, kọ̀ǹpútà sì daṣẹ́ sílẹ̀. Èkejì rẹ̀ tó yẹ kó gbà á sílẹ̀ ti kọ́kọ́ kọṣẹ́, nítorí ètò kan náà ni wọ́n jọ ń lò. Ara Ariane 4 ni wọ́n ti mú ètò ọ̀hún. Lórí ìyẹn, nọ́ńbà náà kì í tóbi tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù nínú ìròyìn ìgbìmọ̀ olùwádìí ni pé àwọn ẹnjiníà mọ̀ọ́mọ̀ fi nọ́ńbà mẹ́ta sílẹ̀ láìdáàbò bò. Wọ́n nídìí, ṣùgbọ́n wọn kò kọ ìdí náà sínú ètò. Ó sọnù sínú òkìtì ìwé.

Ìdí nìyí tí ẹ̀dà kejì èdè SysML, tí ẹgbẹ́ OMG fọwọ́ sí ní 2025, fi wù mí. Nínú rẹ̀, `as` kì í sọ nǹkan di nǹkan mìíràn. Ẹni tó jẹ́ ìyàwó nílé ọkọ ni ọmọ nílé bàbá rẹ̀. Ojú tí a fi wò ó ló yàtọ̀. Bí nǹkan kò bá jẹ́ irú èyí tí a pè é, òfìfo ni `as` yóò dá padà. `meta` ní tirẹ̀ ń wo àkọsílẹ̀ tó wà lára nǹkan náà: irú kí ni, kí ni wọ́n sì kọ nípa rẹ̀? Bí ẹnikẹ́ni kò bá kọ ọ́, `meta` kò ní rí i.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Lọ́dún tó kọjá, mo fi orúkọ mi kún fọ́ọ̀mù kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àmì ìbéèrè ló rọ́pò gbogbo ẹ àti ọ inú rẹ̀. Àpótí tí wọ́n kàn fún èdè mìíràn ni wọ́n ki orúkọ mi bọ̀. Kí a tó gba ètò àlòkù wọlé, ẹ jẹ́ ká béèrè ta ni wọ́n ṣe é fún, àti ibi tí wọ́n kọ ààlà rẹ̀ sí.