ÌWÉ ÌLERA ALÁLÀÁJÌ, LÁTI KAMARAN DÉ JẸ́DÀ

 

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ní ọjọ́ Iléyá gan-an, wọ́n gbé ìyá àgbà kan láti Ìbàdàn wá sí ilé ìwòsàn kan ní ẹ̀gbẹ́ Mẹ́kà, níbi tí àwa nọ́ọ̀sì mélòó kan láti Jẹ́dà ti lọ ṣèrànwọ́. Ọ̀rọ̀ ń fọ́ mọ́ ìyá náà lẹ́nu, òógùn sì bò ó. A yẹ ṣúgà ara rẹ̀ wò, 2.3 ni ẹ̀rọ kọ. A fa omi ṣúgà sí i lára, ojú rẹ̀ sì là. Dókítà bi wá pé oògùn wo ni ìyá ń lò. Ìyá tú ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀, ó mú hóró oògùn mẹ́ta jáde, kò sí orúkọ lára ìkankan. Ó ní kí a jẹ́ kí òun padà sí Mínà, pé òun kò tíì sọ òkò. Wọ́n jẹ́ kí ó lọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, wọ́n ti tún gbé e padà.

Ìyá yìí ní fáìlì tó nípọn nílé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n fáìlì wà ní Ìbàdàn, ìyá wà ní Mẹ́kà. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó mú wa ronú sí bí àkọsílẹ̀ ìlera alálàájì ṣe bẹ̀rẹ̀, àti ìdí tí kò fi tíì tó wa lò.

Ní ọdún 1865, àrùn onígbáméjì jà ní Mẹ́kà. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé nínú nǹkan bí 90,000 alálàájì, bí 15,000 ni ó bá a lọ. Àwọn tó ń padà sílé gbé àrùn náà wọ ọkọ̀, ó gba Suez dé Íjíbítì, ó sì wọ Yúróòpù. Ẹ̀rù ba àwọn ìjọba ibẹ̀, wọ́n pe ìpàdé ní Constantinople ní 1866. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ṣí ibùdó ìyàsọ́tọ̀ ní erékùṣù Kamaran nínú Òkun Pupa ní 1882. Òmíràn wà ní El Tor ní ilẹ̀ Sínáì fún àwọn tó ń gba àríwá padà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ alálàájì kalẹ̀ láti inú ọkọ̀, tí wọ́n ń fi ooru pa kòkòrò ara aṣọ wọn, tí wọ́n sì ń gba owó ìyọlẹ́nu náà lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n dá, ọkọ̀ á gba ìwé pé ó mọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàkíyèsí ohun kan níhìn-ín. Kì í ṣe kí ara alálàájì lè dá ni wọ́n ṣe kọ ìwé yẹn. Wọ́n kọ ọ́ kí alálàájì má baà kó àrùn bá ẹlòmíràn ni. Èrò yìí ti wọ inú gbogbo ìwé tí wọ́n kọ lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tí àwọn bàbá wa ń fi ẹsẹ̀ àti ọkọ̀ ẹrù gba Maiduguri àti ilẹ̀ Sudan dé etí òkun, ìwé kò tilẹ̀ pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá ìgbìmọ̀ alálàájì sílẹ̀ ní 1958, ètò bẹ̀rẹ̀ sí í wà. Ilẹ̀ Sáúdí ti ṣí ibùdó ìyàsọ́tọ̀ tirẹ̀ ní Jẹ́dà ní 1956, Kamaran sì di ìtàn. Káàdì aláwọ̀ ìyeyè tí gbogbo wa mọ̀ ni ó gba ipò rẹ̀: abẹ́rẹ́ ibà pọ́njúpọ́ntọ̀, àti lẹ́yìn àjàkálẹ̀ ti 1987, abẹ́rẹ́ yírunyírun. Ní ọdún 2000, ẹ̀yà yírunyírun mìíràn, W135, tẹ̀lé àwọn alálàájì dé ilé wọn ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti yí abẹ́rẹ́ padà sí èyí tó ń dènà ẹ̀yà mẹ́rin.

Káàdì yìí ti gba ẹ̀mí là, a kò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n kò sọ ohunkóhun nípa ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà tàbí kídìnrín. Àwọn ènìyàn wa náà kò sì fẹ́ kí ó sọ ọ́. Ta ni yóò fi ogún ọdún tọ́jú owó Mẹ́kà, tí yóò wá sọ àìsàn tí wọn yóò fi dá a padà? Wọ́n ń yẹ oyún wò kí obìnrin tó wọ bàálù. Ìyá àgbà rí èyí, ó sì pa ẹnu mọ́ nípa ti ara rẹ̀. Àwa kò dá wọn lẹ́bi.

Nílé, iṣẹ́ gidi ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ohun tí ọ̀pọ̀ rò. Ní 1989, àwọn olùkọ́ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, pẹ̀lú ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ ibẹ̀, dọwọ́ pọ̀ mọ́ Yunifásítì Kuopio ní Finland láti fi kọ̀ǹpútà tọ́jú àkọsílẹ̀ aláìsàn. Ní oṣù kẹrin 1993, Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn onímọ̀ iṣẹ́ yìí ní Áfíríkà ti kọ́kọ́ ṣe ìpàdé ńlá wọn. Láti inú iṣẹ́ yẹn ni MINPHIS ti jáde, tí àwọn ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ mìíràn náà gbà lò. Nígbà tí iná máa ń lọ bí ó ti wù ú! Ẹ kí wọn.

Ṣùgbọ́n kí ilé ìwòsàn kan ní kọ̀ǹpútà yàtọ̀ sí kí kọ̀ǹpútà méjì gbọ́ ara wọn. Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an nìyí, àwa tí a ń tẹ orúkọ sínú rẹ̀ lójoojúmọ́ ni a mọ̀ ọ́n. Mọ́mọ̀dù ni ní Ìbàdàn, Muhammad ni nínú páásípọ́ọ̀tù. Lámídì di Abdul-Hamid, Ràsákì di Abdur-Razzaq. Ìwé kan ní wọ́n bí bàbá ní 1370, òmíràn ní 1951, ọdún kan náà sì ni, ọ̀kan jẹ́ ti Hijira. Ṣúgà tí ilé ìwòsàn púpọ̀ nílé ń kọ ní 180, ẹ̀rọ tiwa níbí ń kọ ọ́ ní 10, nítorí ìwọ̀n tí a ń lò yàtọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ yóò pààyàn.

Nítorí irú èyí ni ẹgbẹ́ HL7 ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1987, kí kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn lè ní èdè kan. Láti 2011 ni Grahame Grieve, ọmọ Australia, ti gbé èyí tó rọrùn jù kalẹ̀, tí wọ́n ń pè ní FHIR. Òwò ti wá wà nínú rẹ̀. Ní 2014, àwọn mẹ́ta tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ ní Epic dá Redox sílẹ̀ ní Madison, iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n so ẹ̀rọ oníkálukú mọ́ fáìlì ilé ìwòsàn. Ní Èkó, Adegoke Olubusi, Tito Ovia àti Dimeji Sofowora dá Helium Health sílẹ̀ ní 2016. Ní 2021 wọ́n ra Meddy, ilé-iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Qatar, ẹsẹ̀ àwọn ọmọ Èkó sì dé agbègbè wa. Ilẹ̀ Sáúdí náà ti gbé nphies kalẹ̀ lórí FHIR. Ọ̀rọ̀ owó ìbánigbófò ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, bí ó ti máa ń rí: owó ni ó ń kọ́kọ́ sọ èdè kan. Àwa tí a ní ìkámà lè rí àbájáde àyẹ̀wò wa lórí fóònù nípa Sehhaty. Kò sí ọ̀nà tí yóò fi rí fáìlì Ìbàdàn.

Ní 2024, ooru mú gidigidi. Ìjọba Sáúdí kéde pé ènìyàn 1,301 kú, àti pé 83 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni kò gba ìwé àṣẹ Hajj. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ìwé kankan lára, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó mọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Àwọn ẹbí ń wá ènìyàn wọn láti ilé ìwòsàn dé ilé ìwòsàn, pẹ̀lú fọ́tò lọ́wọ́.

Ìdí nìyí tí àwa nínú ẹgbẹ́ fi ń kọ káàdì kékeré fún àwọn òbí tó ń bọ̀, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Lárúbáwá: orúkọ bí ó ti wà nínú páásípọ́ọ̀tù, orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ nílé, oògùn, ìwọ̀n rẹ̀, nọ́ńbà ọmọ. Ọwọ́ ẹni tó ni ín ni ó máa ń wà, a kì í fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́. Tí ẹnìkan kò bá fẹ́ kọ àìsàn rẹ̀, a máa ń kọ oògùn nìkan. Dókítà yóò mọ̀. Kí ẹ̀yin tí òbí yín ń bọ̀ lọ́dún yìí fi orúkọ oògùn ránṣẹ́ sí wa kí wọ́n tó gbéra.

Ní ti ìyá wa, a rí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ó sáré lọ sílé, ó ya fọ́tò káàdì ilé ìwòsàn, ó fi ránṣẹ́. Daonil ni, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́. Oògùn yìí máa ń pẹ́ lára àgbàlagbà, pàápàá ẹni tí kò jẹun tó, tí ó sì rìn láti Àráfà. Ṣúgà tí a fún un yóò tán, oògùn yóò sì tún fà á wálẹ̀. Ká ní a ti mọ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, a kò ní jẹ́ kí ó lọ. Wọ́n dá a dúró fún ọjọ́ méjì, wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò ní wákàtí wákàtí. Alájà kan tí wọ́n jọ wà nínú àgọ́ ni ó bá a sọ òkò rẹ̀.