Yìnyín Lórí Ilẹ̀ Pápá Ọkọ̀ Òfuurufú: Ìtàn Ewu Ìgbà Òtútù, 1982–1992

Nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú bá já ní ìgbà òtútù ní ilẹ̀ àwọn Òyìnbó, ojú sánmà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń wò fún ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ìtàn ọdún 1982 sí 1992 fi hàn pé ibi tí bàálù dúró sí láti kó èrò ni ewu náà ti lè bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 1982, òjò dídì ń rọ̀ ní Washington, olú-ìlú Amẹ́ríkà. Àwọn òṣìṣẹ́ fi oògùn olómi yọ́ yìnyín kúrò lára bàálù Air Florida kan. Oògùn kan náà tí ó gba apá bàálù lọ́wọ́ yìnyín ni ó dà sílẹ̀, tí ó pò mọ́ yìnyín, tí ó sì mú kí ilẹ̀ máa yọ̀. Ọkọ̀ tí ó yẹ kí ó ti bàálù sẹ́yìn kò ní ẹ̀wọ̀n irin lára táyà, kò sì lè tì í. Àwọn awakọ̀ fi agbára ẹ́ńjìnnì gbìyànjú láti fà sẹ́yìn, òfo ni ó já sí, títí ọkọ̀ mìíràn tí ó ní ẹ̀wọ̀n fi dé. Nígbà tí bàálù yóò fi gbéra, ìṣẹ́jú 49 ti kọjá lẹ́yìn ìyọ́nú yìnyín. Òmíràn sì ti dì mọ́ apá rẹ̀. Àwọn awakọ̀ kò sì tan ẹ̀rọ tí ń lé yìnyín kúrò nínú ẹ́ńjìnnì. Bàálù náà kọlu afárá, ó sì já sínú odò Potomac. Ènìyàn 78 ni ó kú. Mẹ́rin nínú wọn wà lórí afárá.

Ní Dryden, ní Kánádà, ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún 1989, ẹ̀rọ kékeré tí ń ran ẹ́ńjìnnì bàálù lọ́wọ́ láti ṣiṣẹ́ ti bàjẹ́, pápá náà kò sì ní irú rẹ̀ nílẹ̀. Nítorí náà, wọn kò gbọdọ̀ pa ẹ́ńjìnnì. Bẹ́ẹ̀ ni ìlànà kò gbà kí a fọ yìnyín nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Bàálù gbéra pẹ̀lú yìnyín lápá. Ènìyàn 24 nínú 69 kú.

Ní 1992, lẹ́yìn ìjàǹbá mìíràn ní LaGuardia, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin tí ó ka iye ìṣẹ́jú tí ó lè wà láàárín ìfọ́ yìnyín àti gbígbéra. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni ìṣẹ́jú wọ̀nyẹn ti ń ṣòfò: lọ́wọ́ táyà tí kò ní ẹ̀wọ̀n, àti ẹ̀rọ tí a kò tún ṣe. Ẹni tí ń so ẹ̀wọ̀n mọ́ táyà nínú òtútù wà lára àwọn tí ń gbé bàálù fò.