Okùn àti Àdúrà ní Aginjù Íjíbítì

Àwọn baba wa a máa wí pé àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan wà ní aginjù Íjíbítì láyé àtijọ́, tí wọ́n gbà pé ẹni tí ó bá lè jókòó sójú kan ni yóò rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, nítorí pé inú olúwarẹ̀ gan-an ni ẹranko náà ń gbé. Aṣáájú wọn ni Antony, ọmọ ọlọ́rọ̀ tí a bí ní nǹkan bí ọdún 251, ẹni tí ó gbọ́ nínú ilé ìsìn bí Jésù ti ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́rọ̀ nì lọ ta ohun tí ó ní kí ó sì fi tọrẹ fún tálákà, tí ó fi ilẹ̀ ìní bàbá rẹ̀ fún àwọn ará abúlé, tí ó ta ìyókù, tí ó sì kọrí sí aginjù, níbi tí ọlọ́jọ́ ti bá a ní ọdún 356.

Ẹni tí ó bá rò pé ìsinmi ni wọ́n bá níbẹ̀ kò tíì dá jókòó rí. Bí àwọn àgbà tiwa ti ń kìlọ̀ ọ̀sán gangan fún ọmọdé, bẹ́ẹ̀ ni Evagrius, ọ̀kan nínú àwọn àgbà aginjù náà tí ó kú ní 399, kọ ọ́ sínú ìwé pé láàrin aago mẹ́wàá òwúrọ̀ sí aago méjì ọ̀sán ni ẹ̀mí kan ń dé bá anìkàngbé: oòrùn yóò dà bí ẹni pé kò rìn mọ́, ojú rẹ̀ yóò máa wà lẹ́nu ọ̀nà bóyá àlejò kan ń bọ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ yóò sú u, ọkàn rẹ̀ yóò sì máa sọ fún un pé ibòmíràn ni ì bá ti rọ òun lọ́rùn. Antony pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀mí náà. Lọ́jọ́ kan tí ọkàn rẹ̀ pòrúurùu, ó bi Ọlọ́run léèrè ohun tí òun yóò ṣe. Bí ó ti bọ́ síta, ó rí ẹnìkan tí ó jọ ọ́ gẹ́lẹ́, tí ó jókòó tí ó ń hun okùn, tí ó dìde gbàdúrà, tí ó sì tún padà jókòó ti okùn rẹ̀. Áńgẹ́lì ni. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ àwọn anìkàngbé náà: wọn a rẹ imọ̀ ọ̀pẹ sómi kí ó lè rọ̀, okùn àti agbọ̀n a máa ti ọwọ́ wọn jáde, àdúrà a máa ti ẹnu wọn jáde, owó ọjà náà ni wọ́n sì fi ń ra búrẹ́dì.

Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ìran dùn mọ́ ju okùn lọ. Palladius, tí ó kọ ìtàn àwọn anìkàngbé náà sílẹ̀, ròyìn Valens, ará Palẹ́sítínì, tí ìgbéraga gùn, tí ó rí ogunlọ́gọ̀ áńgẹ́lì pẹ̀lú fìtílà lọ́wọ́ wọn, tí ó sì foríbalẹ̀ fún ẹni tí ó farahàn án bí Kristi. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wọ ilé ìsìn, ó ní òun kò nílò oúnjẹ Olúwa mọ́, nítorí òun ti fojú rí Kristi. Ẹ̀wọ̀n ni àwọn àgbà aginjù fi dá a lóhùn. Odidi ọdún kan ni wọ́n fi dè é mọ́lẹ̀ kí orí rẹ̀ tó wálé.

Ti anìkàngbé kan tí wọ́n ń pè ní Jòhánù Aràrá rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé òun fẹ́ dà bí áńgẹ́lì, tí kì í ṣiṣẹ́, tí ìyìn Ọlọ́run nìkan jẹ lógún. Ó bọ́ agbádá rẹ̀ sílẹ̀, ó wọ aginjù lọ. Ọ̀sẹ̀ kan pé, ó padà wá kanlẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fèsì láti inú ilé pé Jòhánù ti di áńgẹ́lì, kò sí láàrin ọmọ ènìyàn mọ́, ó sì fi í sílẹ̀ síta di òwúrọ̀ kí ó tó ṣílẹ̀kùn fún un, kí ó sì tó rán an létí pé ènìyàn ni, àti pé ẹni tí yóò jẹun ní láti ṣiṣẹ́. Jòhánù dọ̀bálẹ̀, ó tọrọ àforíjì.

Jòhánù yìí kan náà ni ó padà di àgbà ńlá ní Scetis, ní aginjù Íjíbítì náà, tí wọ́n ròyìn pé lọ́jọ́ kan, bí ó ti jókòó ti iṣẹ́ rẹ̀, ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Ọlọ́run tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi hun okùn agbọ̀n méjì pọ̀ mọ́ ọ̀kan ṣoṣo, tí kò sì fura títí okùn náà fi kan ògiri.