Ta Ni Yóò Máa Ṣọ́ Ojú Aláìsàn?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, ẹ ro ti ẹni tí apá kan ojú rẹ̀ kò lè mira mọ́: ẹ̀rín rẹ̀ wọ́, ìpéǹpéjú rẹ̀ kò padé, omi ń jò lẹ́nu rẹ̀ bó bá ń mu ún. Nígbà kan rí, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn san nìyẹn kí wọ́n tó bọ́ lọ́wọ́ acoustic neuroma.

Kókó ni àìsàn yìí. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ó máa ń rọra hù lórí iṣan tó so etí pọ̀ mọ́ ọpọlọ. Iṣan tó ń gbé àṣẹ ọpọlọ lọ sí ojú sì ń gba ọ̀nà tóóró kan náà nínú egungun. Bí kókó bá ti tóbi, á tẹ iṣan ojú pẹlẹbẹ débi pé ó ṣòro láti fi ojú lásán dá a mọ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, ikú ni gbogbo wọn ń sá fún. Harvey Cushing ní Boston, tí ìwé rẹ̀ lórí kókó yìí jáde ní 1917, máa ń ha inú rẹ̀ nìkan, a fi èèpo rẹ̀ sílẹ̀ kí aláìsàn má baà kú. Walter Dandy ní Baltimore ní kí wọ́n yọ gbogbo rẹ̀ kó má baà tún hù, ṣùgbọ́n iṣan ojú sábà máa ń bá a lọ. Ilé ẹni kì í jó ká máa lé eku.

Bẹ́ẹ̀, ọgbọ́n ti wà nílẹ̀. Ní 1898, Fedor Krause fi iná mànàmáná díẹ̀ kan iṣan ojú nígbà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ fún ẹni tí etí rẹ̀ ń pariwo láìdákẹ́. Ojú náà súnkì. Ṣùgbọ́n abẹ́ aṣọ ni ojú aláìsàn máa ń wà. Ta ni yóò máa wò ó? Ní Stockholm, Herbert Olivecrona yan nọ́ọ̀sì kan tí yóò máa ṣọ́ ojú náà, tí yóò sì sọ̀rọ̀ bó bá mira.

Láti ọdún 1961, William House ní Los Angeles bẹ̀rẹ̀ sí í lo awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá fún iṣẹ́ abẹ yìí. Bí ikú ṣe ń dín kù, ọ̀rọ̀ ojú wá gba iwájú. Ní 1979, Delgado àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn bí ẹ̀rọ ṣe ń ka iná inú ẹran ojú. Ní 1984, Møller àti Jannetta ní Pittsburgh gbé ìró rẹ̀ gba inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín wà lẹ́bàá ojú àti ẹnu. Bí wọ́n bá fọwọ́ kan iṣan, ẹ̀rọ á ké, oníṣẹ́ abẹ á sì fetí ara rẹ̀ gbọ́. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi fún aláìsàn ní oògùn tó ń rọ ẹran ara nígbà náà.

Ní oṣù Kejìlá 1991, ìpàdé àwọn onímọ̀ tí iléeṣẹ́ ìlera NIH ti Amẹ́ríkà pè fẹnu kò pé kí ìṣọ́ yìí di ara iṣẹ́ abẹ náà.

Láti 1898 sí 1991, ọdún 93 ni. Iná Krause kò ṣọ̀wọ́n jálẹ̀ ọdún wọ̀nyí. Ohun tó pẹ́ ni kí wọ́n tó gbà pé kò tó kí aláìsàn kàn yè: ó yẹ kó tún lè rẹ́rìn-ín.