Àtàǹpàkò lórí Ìwé Ilẹ̀: Ohun tí ó ń sọ Àdéhùn di Asán ní Èbúté Mẹ́ta

Ní ọdún 1867, lẹ́yìn Ifọ́lé ní Abẹ́òkúta, ọ̀pọ̀ Ẹ̀gbá onígbàgbọ́ sá wá sí Èkó. John Hawley Glover, tí ó ń ṣàkóso Èkó nígbà náà, fi wọ́n jókòó sí Èbúté Mẹ́ta, ó sì fún wọn ní tíkẹ́ẹ̀tì ilẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ìwé tó dé ibẹ̀ ni ilẹ̀ náà ti ní ẹni tí ó ni ín, èyí ni ìdílé Olótò, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ. Àríyànjiyàn tíkẹ́ẹ̀tì yìí pẹ́ nílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi di ọdún 1947 kí ìjọba tó ṣe òfin pàtó lórí ibùdó Glover.

Ohun tí ó ṣòro níbẹ̀ ni pé ìwé máa ń ní orúkọ ẹnì kan, nígbà tí ilẹ̀ jẹ́ ti ẹbí. Ní ọdún 1921, nínú ẹjọ́ Amodu Tijani, Olóyè Olúwa, lórí ilẹ̀ Àpápá tí kò jìnnà sí Èbúté Mẹ́ta, ilé-ẹjọ́ gíga ní Lọ́ńdọ̀nù gbà pé àdéhùn 1861 tí ó fi Èkó lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí. Ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ti ọdún 1959 wá là á yékéyéké. Bí ọmọ ẹbí kan bá ta ilẹ̀ láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, asán ni àdéhùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí olórí ẹbí bá dá tà á láìfi ti àwọn àgbà ẹ̀ka ẹbí ṣe, ilé-ẹjọ́ lè fagi lé e, bí ẹbí kò bá fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ẹbí tí ó ń wo oníbàárà títí ó fi kọ́lé tán lè pàdánù ẹ̀tọ́ náà.

Ti ẹni tí kò mọ̀wé tún yàtọ̀. Láti ọdún 1915 ni òfin ti pàṣẹ pé kí akọ̀wé tí ó bá bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ̀wé fi orúkọ àti àdírẹ́ẹ̀sì ara rẹ̀ sí i, kí ó sì jẹ́rìí pé a kà á, a túmọ̀ rẹ̀ fún un kí ó tó tẹ àtàǹpàkò. Òfin náà yọ àwọn lọ́yà sílẹ̀. Níbi tí ẹ̀rí yìí kò bá sí, ẹni tí ó gbé ìwé náà dé ilé-ẹjọ́ ni yóò fi hàn pé olóhùn lóye ohun tí ó tẹ̀. Ẹni tí ó rà á lọ́wọ́ ọmọ ẹbí kan ṣoṣo kò rí ilẹ̀ gbà; owó rẹ̀ ni ó kù tí yóò máa lé kiri.