Ìkànnì Tí A Fi Àwòṣe Kọ́

Ní 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó so kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ tó wà ní Ọ̀tọ̀, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, pọ̀ mọ́ èyí tó wà ní Nọ̀fọ́rìjà l'Ẹ́pẹ́. Méjèèjì di yunifásítì kan, Lagos State University of Education. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá sì gba orúkọ tuntun láyé òde òní, dandan ni kí ó ní ìkànnì tuntun.

Ní 1995, nígbà tí a fún Nàìjíríà ní ".ng", ọwọ́ ni onímọ̀ fi ń kọ ojú ewé kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń mọ búlọ́ọ̀kù láìní àpótí irin. WordPress jáde ní 2003. Ní 2005 ni àwòṣe ojú ewé wọ inú rẹ̀. Ní 2006, Amazon bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà tirẹ̀ háyà fún ará ìta, ohun tí a wá mọ̀ sí cloud. Ilé àti ilẹ̀ wá di ohun à-yá-lò.

GitHub tún fi tirẹ̀ kún un ní 2019: odindi iṣẹ́ lè di àwòṣe. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ìkànnì á gba ẹ̀dà gbogbo fáìlì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn àtúnṣe tó wà nínú ti ìṣáájú kò ní bá a wá. Fún oníṣẹ́, ìrọ̀rùn gidi nìyẹn.

Àmọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì àtijọ́ kì í ṣe fáìlì. Àwòṣe a máa fi àyè sílẹ̀ fún àwòrán ọ̀gá àgbà, fún ìròyìn àti ìgbàwọlé. Kì í sí àyè fún orúkọ tí a pa tì. Bí ẹnikẹ́ni kò bá kó ojú ewé àtijọ́ wá, Internet Archive, tó ti ń tọ́jú ẹ̀dà láti 1996, ni akẹ́kọ̀ọ́jáde yóò lọ tú wò.