Ọba Kì í Pé Méjì Láàfin: Àwọn Ọba Tó Sin Ọba ní Pátíà

Àwọn àgbà ní ọba kì í pé méjì láàfin, ìjòyè ló lè pé mẹ́fà láàfin. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ oyè bá di ìjà la sábà máa ń gbọ́ òwe yìí, nígbà tí ọmọ ọba méjì bá ń fa ìtẹ́ kan náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Nítorí pé a ń pa á lemọ́lemọ́, a kì í tẹ́tí dáadáa sí ibi tí ọ̀rọ̀ náà tẹ̀ mọ́. Àgbà kò ní ọba kì í pé méjì láyé. Wọn kò ní ọba kì í pé méjì lábẹ́ àṣẹ ẹnì kan. Ààfin ni wọ́n dárúkọ. Ilé kan, ẹ̀jẹ̀ kan, ìtẹ́ kan: ibẹ̀ ni ọba kò ti gbọdọ̀ pé méjì. Ẹni tó bá wá fẹ́ jọba lé ọba mìíràn lórí, tó sì fẹ́ kí ìjọba náà tọ́jọ́, ọgbọ́n tó kù fún un ni pé kí ó jẹ́ kí oníkálukú jókòó sí ààfin tirẹ̀.

N kò mọ ìjọba àtijọ́ kan tó gbára lé ọgbọ́n yìí bí ìjọba Pátíà. Ẹni tó bá ń ka Bíbélì ti pàdé wọn rí; nínú ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 2, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ nínú àwọn àlejò tó gbọ́ èdè ìlú wọn ní Jerúsálẹ́mù lọ́jọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì. Ìdílé Arsaces ló dá ìjọba náà sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 247 ṣáájú ìbí Jésù, ní apá àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ tí à ń pè ní Ìránì lónìí. Mithridates Kìíní gba Mídíà, ó sì wọ Bábílónì ní ọdún 141 ṣáájú ìbí Jésù. Nígbà tí Mithridates Kejì yóò fi wà lórí oyè, ilẹ̀ wọn ti na láti ẹ̀bá odò Yúfírétì wọ inú Áṣíà Àárín. Mithridates Kejì yìí ló bẹ̀rẹ̀ sí í pe ara rẹ̀ ní ọba àwọn ọba. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ka orúkọ oyè náà sí ìgbéraga. Lójú tèmi, ohun tó wà nílẹ̀ gan-an ló ń sọ. Pliny ará Róòmù, tó kọ̀wé ní ohun tó lé ní 150 ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ka àwọn ìjọba tó wà lábẹ́ Pátíà, ó sì bá 18: 11 ní apá òkè, 7 ní ìsàlẹ̀.

Bí àwọn ọba wọ̀nyí ṣe dé orí ìtẹ́ kò rí bákan náà. Atropatene ti ní ọba tirẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Arsaces. Ní Persis, ilẹ̀ tí Kúrúsì àti Dáríúsì ti wá, àwọn ará ilé ibẹ̀ ló ń jẹ oyè tí wọ́n sì ń rọ owó ara wọn. Ṣùgbọ́n ti Hyspaosines ni ó yẹ ká dúró lé lórí díẹ̀. Antiochus Kẹrin, ọba àwọn Gíríìkì ní Síríà, ló fi í ṣe gómìnà lẹ́nu odò Tígírísì, níbi tí odò náà ti ń bá òkun pàdé. Ìlú kan wà níbẹ̀ tí Alexander tẹ̀ dó, àmọ́ omi wó o. Wọ́n tún un kọ́, omi tún wó o. Hyspaosines mọ òkè amọ̀ gìrìwò yí i ká láti dá omi dúró, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ pe ìlú náà: Spasinou Charax. Nígbà tí agbára àwọn Gíríìkì ń tán lọ, ó dé adé fúnra rẹ̀. Ilẹ̀ Mesene tó ń ṣàkóso kò tóbi, síbẹ̀ ní ọdún 127 ṣáájú ìbí Jésù, òun ló ni Bábílónì fún ìgbà díẹ̀.

Pátíà gba Bábílónì padà. Mithridates Kejì tiẹ̀ kó owó ẹyọ tí Hyspaosines rọ, ó tẹ àwòrán ara rẹ̀ lé e lórí. Ẹni tó bá rí irú owó bẹ́ẹ̀ lónìí, tó rí ojú ọba kan lórí ojú ọba kejì, yóò rò pé Mesene ti parẹ́ nìyẹn. Kò parẹ́. Ọba ṣì ń jẹ ní Charax fún ohun tó lé ní 300 ọdún lẹ́yìn náà. Ìdí rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Èbúté ni Charax. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi ti ń gbéra lọ sí Íńdíà, ibẹ̀ ni àwọn oníṣòwò Palmyra ti ń gba ẹrù tí wọ́n ń fi ràkúnmí rù la aṣálẹ̀ kọjá lọ sí ilẹ̀ Róòmù. Ọba tó mọ atukọ̀, tó mọ olówò, tó mọ bí omi ibẹ̀ ṣe ń kún tó sì ń fà, ó sàn kí ó wà ní ìdí iṣẹ́ rẹ̀ kí ó máa san ìṣákọ́lẹ̀ ju kí wọ́n rán àjèjì wá láti òkè. Ní ọdún 131 lẹ́yìn ìbí Jésù, ọmọ Palmyra kan tó ń jẹ́ Yarhai ló ń ṣe gómìnà erékùṣù Bahrain fún Meredates, ọba Charax. Ọba tó ń sin ọba náà ní àwọn tó ń sìn ín.

Ohun tí wọ́n ń retí lọ́dọ̀ irú ọba bẹ́ẹ̀ kò ju méjì mẹ́ta lọ: kí ó sanwó, kí ó kó ọmọ ogun wá nígbà tí ogun bá dé, kí ó má ṣe bá ọ̀tá Pátíà dá májẹ̀mú. Ẹ̀sìn rẹ̀, èdè rẹ̀, ìdájọ́ ìlú rẹ̀, tirẹ̀ ni.

Ìtàn tó fi èyí hàn mí jù lọ ni ti Izates, ọba Adiabene, tí Josephus òpìtàn Júù kọ sílẹ̀. Adiabene wà ní ìlà-oòrùn Tígírísì, ní agbègbè Erbil ní Ìráàkì òde òní. Monobazus bàbá Izates fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn ọmọ yòókù lọ, owú sì wọ ilé. Bàbá bá fi ọmọ pamọ́ sọ́dọ̀ ọba Charax, ìyẹn sì fún un ní ọmọbìnrin rẹ̀ fẹ́. Charax yìí náà ni oníṣòwò Júù kan, Ananias, ti kọ́ ọ ní ẹ̀sìn àwọn Júù. Nígbà tí bàbá kú, Helena ìyá rẹ̀ pe àwọn ìjòyè jọ, wọ́n sì gbà pé Izates ni adé kàn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló bá a mú ìtẹ́ dání títí ó fi dé, ó sì gbé e fún un láìjà. Mo ka èyí sí ohun ńlá, nítorí ohun tí ẹ máa rí láìpẹ́ nípa ilé Arsaces.

Lọ́jọ́ kan, àwọn ìjòyè Pátíà dìtẹ̀ mọ́ Artabanus, ọba àwọn ọba. Ó kó nǹkan bí 1,000 ẹbí àti ìránṣẹ́ dání, ó sá gba ọ̀nà Adiabene. Ó pàdé Izates lójú ọ̀nà, Izates kò sì dá a mọ̀. Ọba àwọn ọba ló kọ́kọ́ tẹrí ba, ó sọ ẹni tí òun jẹ́, ó ní kí ó má ṣe fojú tẹ́ńbẹ́lú òun. Izates fò sílẹ̀ lórí ẹṣin. Ó gbé Artabanus gun ẹṣin, òun sì ń fi ẹsẹ̀ rìn tẹ̀ lé e. Ara Artabanus kò gbà á. Ó búra pé òun yóò sọ̀ kalẹ̀ bí Izates kò bá gun ẹṣin kí ó sì ṣáájú. Báyìí ni wọ́n ṣe wọ ìlú. Izates wá kọ̀wé sí àwọn ará Pátíà pé kí wọ́n gba ọba wọn padà. Wọ́n ní àwọn ti fi Cinnamus joyè. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Artabanus ni Cinnamus dàgbà sí. Òun fúnra rẹ̀ jáde wá pàdé rẹ̀, ó ṣí ọ̀já adé kúrò lórí ara rẹ̀, ó sì fi dé Artabanus.

Kí ló dé tí ọba tí ìdààmú bá fi lè sá lọ bá ẹni tó ń sìn ín, tí ẹ̀rù kò sì bà á? Èmi rò pé òwe wa dáhùn rẹ̀. Izates kì í ṣe ọmọ Arsaces. Àwọn ìjòyè Pátíà kò ní fi ẹni tí kò bá ní ẹ̀jẹ̀ ilé yẹn jọba láé. Kò sí bí ó ṣe lè di ọba kejì nínú ààfin tí kì í ṣe tirẹ̀, nítorí náà ó ṣeé sá lọ bá.

Artabanus san án lóore. Ó gba ilẹ̀ Nisibis lọ́wọ́ ọba Àméníà, ó fi kún ti Izates. Ó ní kí ó máa dé adé gogoro tó nàró ṣánṣán, kí ó sì máa sùn lórí ibùsùn wúrà, nǹkan méjì tí ó jẹ́ ti ọba Pátíà nìkan. Ẹni tó bá mọ ohun tí adé onílẹ̀kẹ̀ ń yà sọ́tọ̀ láàárín ọba aládé àti baálẹ̀ kò ní bi mí pé kí ni fìlà àti ibùsùn jẹ́ nínú ọ̀rọ̀ ìjọba. Nígbà tó pẹ́, Vologases Kìíní, tó ti di ọba àwọn ọba, ní kí Izates kó gbogbo ọlá náà sílẹ̀, ó sì dìde ogun sí i. Izates kò kó wọn sílẹ̀. Ó gbààwẹ̀, ó da eérú sórí, ó gbàdúrà. Ìròyìn dé pé àwọn Dahae àti àwọn Saka ti ya wọ Pátíà láti ẹ̀yìn, Vologases sì yí padà. Ẹni ọdún 55 ni Izates nígbà tó kú, lẹ́yìn ọdún 24 lórí oyè.

Ẹ wá wo inú ààfin àwọn ọba àwọn ọba fúnra wọn. Orodes Kejì àti Mithridates ẹ̀gbọ́n rẹ̀ para pọ̀ pa Phraates Kẹta, bàbá wọn. Lẹ́yìn náà Orodes pa Mithridates. Ní ọdún 53 ṣáájú ìbí Jésù, Surena, ọ̀gágun láti inú ìdílé tí ogún tiwọn jẹ́ láti máa fi adé lé ọba Pátíà lórí, fi nǹkan bí 10,000 ẹlẹ́ṣin fọ́ ẹgbẹ́ ogun Crassus ará Róòmù túútúú ní Carrhae. Orodes pa Surena náà, nítorí òkìkí rẹ̀. Phraates Kẹrin, ọmọ Orodes, ló wá pa bàbá yìí, ó sì pa àwọn arákùnrin rẹ̀ kún un. Nígbà tó di tirẹ̀, ọmọ rẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀ ló rán an lọ sọ́run. Kò sí ọba abẹ́ kankan tó lọ́wọ́ nínú ikú wọn.

Kódà nígbà tí ogun bá dé bá ọba abẹ́, ọ̀ràn ilé ló sábà máa ń jẹ́. Ní ọdún 1984, àwọn awalẹ̀ ní Seleucia lẹ́bàá Tígírísì rí ère idẹ Heracles kan, tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí itan rẹ̀ méjèèjì ní èdè Gíríìkì àti ti Pátíà. Ọ̀rọ̀ náà sọ pé ní ọdún tó bọ́ sí 150 sí 151 lẹ́yìn ìbí Jésù, Vologases Kẹrin gbógun lọ sí Mesene, ó lé Meredates ọba ibẹ̀ kúrò, ó sì kó ère yìí bọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìkógun. Meredates tí Yarhai ṣe gómìnà fún ni. Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà tí kò yẹ ká fò: Meredates jẹ́ ọmọ Pacorus, ọba àwọn ọba àná. Ọmọ Arsaces jókòó sí Charax. Ọba ti pé méjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrìn ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló wà láàárín wọn.

Àwọn òpìtàn kan máa ń ní ọ̀pọ̀ ọba yìí ló sọ Pátíà di aláìlágbára. N kò gbà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Róòmù kó Ctesiphon, olú-ìlú Pátíà, ní ọdún 116, 165 àti 198. Hatra, ìlú ọba abẹ́ kan láàárín aṣálẹ̀, tí odi rẹ̀ rí róbótó, kò bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Trajan, olú-ọba Róòmù, dó tì í ní 117, ó padà lófo. Septimius Severus, olú-ọba Róòmù mìíràn, dó tì í lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ará Hatra da iná epo ilẹ̀ lé e lórí, òun náà padà lófo. Níbi tí ìjọba kò bá ní orí kan ṣoṣo, bẹ́ orí kan, òmíràn ṣì ń mí. Ohun tó lé ní 460 ọdún ni ilé Arsaces fi wà lórí oyè.

Ohun tó pa wọ́n wá láti inú. Ní nǹkan bí ọdún 213, Vologases Kẹfà àti Artabanus àbúrò rẹ̀ (kì í ṣe Artabanus ti Izates) ń du adé. Ẹ̀gbọ́n ń rọ owó ní Seleucia, àbúrò di Mídíà mú. Ní Susa, wọ́n rí òkúta kan tí wọ́n gbẹ́ ní ọdún 215: Artabanus jókòó, ó ń na òrùka àṣẹ sí Khwasak, gómìnà Susa, tó dúró níwájú rẹ̀. Iṣẹ́ ọba àwọn ọba ló ń ṣe yẹn, iṣẹ́ tí àwọn baba rẹ̀ ti ń ṣe bọ̀, nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà níbòmíràn tó ń pe ara rẹ̀ ní ohun kan náà. Ardashir, ọba Persis, rí àlàfo náà. Ó ń gba àwọn ọba ìtòsí rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, kò sì sí ọwọ́ kan tó lè dá a dúró. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún 224, ní Hormozdgan, ó pa Artabanus.

Ọba Àméníà, tó jẹ́ ọmọ Arsaces, kọ̀ láti tẹrí ba fún Ardashir. Hatra náà kọ̀; ó dó tì í, kò rí i gbà. Ó tó nǹkan bí ọdún 240 kí odi náà tó wó.

Shapur, ọmọ Ardashir, gbẹ́ ìtàn ìjọba rẹ̀ sára òkúta ní Naqsh-e Rostam ní èdè mẹ́ta. Ó dárúkọ àwọn ọba tó wà lábẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ọba Mesene wà nínú wọn. Shapur lorúkọ tirẹ̀ náà, ọmọ bíbí inú ọba àwọn ọba ni. Narseh, ọba àwọn Saka, ọmọ rẹ̀ ni. Hormizd-Ardashir, ọba Àméníà, ọmọ rẹ̀ náà ni.